Ọdún Tí Ilé Wa Kò Ní Baálé

Ilẹ̀kùn irin ni ó kọ́kọ́ dé. Wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wọ àgbàlá wa láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé lọ́wọ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó tóbi, ó dúdú, ó ní irin ṣóńṣó lórí bí eyín. Ọbàkan ọkọ mi, ẹni tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan àmọ́ tí ìyá wọn yàtọ̀, ni ó rà á fún ilé tiwọn lódìkejì. Olè ti wọ ilé ẹnì kan ládùúgbò wa, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ, gbogbo wa la sì mọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé tí ó rí ilẹ̀kùn náà, kò rántí olè. Ó dúró, ó wò ó títí, ó ní, "Ta ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́?"

Agboolé wa wà láàárín àwọn ilé àtijọ́ ní Ìwó. Ilé gígùn méjì ló kọjú síra, àgbàlá àti kànga wà láàárín. Àwọn ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ bàbá ọkọ mi ló ni apá tiwa, àwọn ọmọ ìyàwó kejì ló ni apá kejì. Ní òpin àgbàlá ni ilé kékeré kan wà tí yàrá baálé wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń sùn nínú yàrá yẹn ló ni ọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tí baálé wa wà láyé, bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa, wọn á kàn yọ orí lójú fèrèsé, wọn á ní, "Ẹ jókòó." Bàbá arúgbó ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, ọmọdé lè tì wọ́n ṣubú. Àmọ́ gbogbo ènìyàn ni ó máa ń jókòó.

Wọ́n wá kú. Àdúrà ogójì ọjọ́ kò tíì parí tí ọ̀rọ̀ ipò fi bẹ̀rẹ̀. Apá tiwa ní àwa ni àgbà. Apá kejì ní ọ̀dọ̀ tiwa ni baálé tó kú ti wá, ó ti yí kàn wọ́n. Àwọn àgbà ẹbí tó wà ní Kuta ní kí a fara balẹ̀ ná, wọ́n ti yàrá náà pa, wọ́n sì padà sóko wọn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe di ilé tí kò sí ẹni tó lè sọ pé "ẹ jókòó."

Ọkọ mi jẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lásìkò yẹn, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣèlú ní yunifásítì, irú èyí tí ènìyàn ń kà láti ilé tí wọ́n ń lọ pàdé olùkọ́ lópin ọ̀sẹ̀. Èmi ka girama tán, mi ò kọjá ibẹ̀. Àmọ́ mo mọ púpọ̀ nínú ohun tó ń kà, torí pé bí kò bá túmọ̀ nǹkan fún mi ní Yorùbá, kì í yé òun fúnra rẹ̀. Bí mo bá jókòó ti maṣíìnì nírọ̀lẹ́, á gbé àga wá. "Màmá, gbọ́ èyí ná."

Kí ló ń fa ogun ńlá? Ohun tí ìwé náà ń bèèrè nìyẹn, irú ogun àgbáyé tí ọmọ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń jà sí fi ń kú. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí wọn kò fẹ́ sọ bó ṣe yẹ kí ayé rí, bó ṣe rí gan-an ni wọ́n fẹ́ sọ. Àwọn àgbà inú wọn ní ọkàn ènìyàn ló burú, pé ènìyàn fẹ́ràn àtijọba lórí ẹnìkejì, àwọn orílẹ̀-èdè pẹ̀lú sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ní rárá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn, ibi tí a fi ènìyàn sí ni. Wọ́n ní kò sí baálé lórí àwọn orílẹ̀-èdè. Bí aládùúgbò bá yọ idà, kò sí ẹni tí wọ́n lè sá tọ̀. Ilé ìpàdé kan wà tí gbogbo wọn ti ń jókòó sọ̀rọ̀, àmọ́ ilé ìpàdé yẹn kò lè di alágbára lọ́wọ́ mú. Nítorí náà kálukú ń ṣọ́ ara rẹ̀. Idà tí mo sì rà láti fi ṣọ́ ara mi, òun náà ni mo lè fi gún ọ. Ìwọ tí o rí i, o kò lè mọ èwo ló wà nínú mi. Ìwọ náà á ra tìrẹ. Èmi á tún ra òmíràn.

"Ta ló wá jẹ̀bi?" ni mo bèèrè.

"Ibi tó ti burú nìyẹn. Ó lè má sí ẹni tó jẹ̀bi."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹni tó kọ ìwé yẹn kò gbé agboolé rí. Nínú gbogbo ìjà, ẹnì kan ló kọ́kọ́ yọ ẹnu."

Ajá ni àwa fi dá ilẹ̀kùn irin lóhùn. Ọkọ mi mú un wálé láti Olúpọ̀nnà, ajá ńlá kan tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó ní nítorí olè ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, apá kejì gbé iná sólà kan kọ́, ó kọjú tààrà sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa. Wọ́n ní nítorí ajá ni, kí ó má baà bu ọmọ wọn jẹ nínú òkùnkùn. Ọkọ mi ní iná yẹn kì í ṣe iná, ojú ni. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ méjì tó ń ṣọdẹ lóko Ilé-Ogbó, wọ́n wá ń sùn sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ìbọn ìbílẹ̀ wọn. Apá kejì náà kó àwọn géńdé wá láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Bí o bá bi ẹnikẹ́ni nínú wọn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Ààbò ara wa ni." N kò lè sọ pé irọ́ ni ẹnikẹ́ni ń pa.

Ọbàkan ọkọ mi ń ta pákó, Ọlọ́run sì ń bù sí i. Ó ti ra ọkọ̀ akẹ́rù, ó ti ń gbé bíríkì jọ láti kọ́ ilé alájà. Apá tiwa, oko kòkó bàbá wọn ti gbó, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ọkọ mi pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní, "Ìwé yìí ní ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó léwu jù. Ó máa ń rò pé bí òun kò bá jà lónìí, tó bá di ọ̀la, ẹni tó ń gòkè yẹn á ti kọjá ohun tí òun lè bá jà."

"Ta ló ń sọ̀ kalẹ̀?"

"Ta ló ń gòkè?" Ó fi ẹnu tọ́ka sí òkìtì bíríkì lódìkejì.

"Ẹ sì mọ̀," ni mo wí. "Ẹ mọ gbogbo rẹ̀, ẹ tún lọ kó ọdẹ wálé."

"Mo mọ̀. Mímọ̀ kò ní kí ẹ̀rù má bà mí."

Mo gbà á gbọ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi, kò na ọmọ iléèwé rí. Bí ó bá jẹ́ pé ọkàn burúkú ló ń fa ogun, ogun ì bá má dé ilé wa.

Obìnrin kan wà lápá kejì tí n kò lè kà mọ́ ọ̀tá. Ìyàwó ọbàkan ọkọ mi ni, ó ṣáájú mi wọlé, ìyálé mi ni mo ń pè é. Lójú wọn, "ẹ" ni mo ń pe òun àti ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní "ó" níhìn-ín kí ìtàn lè yá. Oṣù kan náà ni a bímọ, èmi ọkùnrin, òun obìnrin. Lẹ́yìn ìbí, ibà dá mi gúnlẹ̀, ọmú mi gbẹ. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun. Ó gbé ọmọ mi, ó fún un lọ́mú pẹ̀lú tirẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Nígbà tí ara mi yá, ó ti mọ́ wa lára, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń fún àwọn méjèèjì. Áfáà ilé wa ní a ti sọ wọ́n di ọmọ ìyá nínú ẹ̀sìn, wọn kò lè fẹ́ra wọn láéláé. Ìyálé mi ní, "Ọpẹ́ ni. Ta ló fẹ́ ṣe àna ìwọ alátẹnujẹ yìí?"

Nígbà tí ìbọn wọlé, àwọn ọkọ wa ní a kò gbọdọ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. A ń pàdé nídìí kànga bí ẹni tí kò rí ara wa. Èmi á fa omi, òun á dúró. Nígbà mìíràn ó máa ń sọ̀rọ̀ sí inú korobá rẹ̀: "Korobá mi, sọ fún ẹnì kan pé ọmọ rẹ̀ ti rù o. Ṣé ajá ni wọ́n ń fi oúnjẹ bọ́ ni?"

Ó wá di ọ̀sẹ̀ tí nǹkan fẹ́ẹ́ bàjẹ́ pátápátá. Apá kejì háyà kánópì àti àga fún ọjọ́ Jímọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ wa rí ọbàkan náà tó ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú láwàní funfun tuntun. Ó sáré wọlé wá sọ. Ọ̀rọ̀ parí lójú àwọn ọkùnrin wa: wọ́n fẹ́ wé láwàní baálé fún ara wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n á jálẹ̀kùn yàrá náà, wọ́n á wọ̀ ọ́.

Wọ́n jókòó sórí oúnjẹ tí mo sè, wọ́n ń pète. Kí àwọn tọ̀hún tó ti mọ́ṣáláṣí dé, àwa á ti fi díígà ṣí yàrá, ọkọ mi á ti wà nínú rẹ̀, àwọn ọdẹ á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá sún mọ́ ibẹ̀...

"Ẹni tó bá sún mọ́ ibẹ̀ ńkọ́?" ni mo bèèrè.

"Ìyàwó, bu ọbẹ̀ sí i," ni àgbà ọdẹ wí.

Mo mọ ohun tí láwàní náà wà fún. Ìyálé mi ti sọ ọ́ fún korobá rẹ̀: àkọ́bí rẹ̀ obìnrin parí Kùránì, wọ́n fẹ́ ṣe wọlímọ̀ fún un. Láwàní náà ni ọmọ máa wé láti fi jókòó ka tirẹ̀ lójú àwọn ènìyàn. Ìlú wa, ibi tí wọ́n ti ń wé láwàní fún ọmọ tó parí Kùránì ni wọ́n tún ti ń wé e fún àgbà tó gba oyè, aṣọ funfun kan náà ni. Nígbà tí àwọn ọdẹ jáde, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi.

Ó gbọ́ mi tán. "Ohun tí ó sọ fún ọ nìyẹn."

"Kò lè purọ́ fún mi."

"Bí òun kò bá purọ́, ṣé ọkọ rẹ̀ sọ gbogbo inú rẹ̀ fún un? Ṣé èmi sọ gbogbo inú mi fún ọ? Bí mo bá gbà ọ́ gbọ́ tí ó sì jẹ́ irọ́, ilé ti lọ nìyẹn. Bí n kò bá gbà ọ́ gbọ́ tí ó jẹ́ òótọ́, a ó tọrọ àforíjì."

"Lọ́wọ́ òkú?"

Ó dìde kúrò níbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi náà, mo ń bi ara mi bóyá wọlímọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń bo nǹkan mìíràn mọ́lẹ̀.

Àárọ̀ Jímọ̀ náà bọ́ sí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ọkùnrin kì í bá wa lọ sí ilé ìlera. Ìyálé mi ti wà lórí bẹ́ǹṣì kí n tó dé. Mo jókòó tì í, n kò bá korobá sọ̀rọ̀.

"Ìyálé mi, àwọn ọkọ wa máa pa ara wọn lónìí."

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Wọ́n gbọ́ ìró ìbọn tí ẹ ń nù. Àwọn géńdé kò ní lọ kírun. Wọ́n ti kó àdá sábẹ́ àga kánópì. Ní wọlímọ̀ ọmọ mi!" Ó gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká kejì. "Mo ní kí ó dá a dúró. Ó ní bí òun bá dá a dúró, ẹ̀yin á ní ẹ̀rù ló ba òun."

Nọ́ọ̀sì pè wá. Wọ́n gún àwọn ọmọ náà, wọ́n ké. Ibi tí mo ti ń rẹ ọmọ mi lẹ́kún ni ọ̀rọ̀ kan tí ọkọ mi ti túmọ̀ fún mi rí ti wá sí mi lọ́kàn: pé àwọn orílẹ̀-èdè alágbára méjì lè bínú síra fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n má jà, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mọ̀ pé bí òun bá ju òkò, ohun tí òun fẹ́ràn jù ni yóò kọ́kọ́ fọ́. Ó ní láyé àtijọ́ àwọn ọba náà máa ń fi ọmọ síkàáwọ́ ara wọn nítorí èyí. Nígbà tó sọ ọ́, mo ní ìwà ẹranko ni.

"Ẹ gbé tèmi lọ," ni mo wí.

Ìyálé mi wò mí. Kò bèèrè kí ni mo ní lọ́kàn. Ó tú ọ̀já rẹ̀. "Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi lọ́dọ̀ yín..."

"Tèmi náà wà lọ́dọ̀ yín."

"Mo gbọ́. Pọn ọ́n dáadáa, orí rẹ̀ máa ń fì."

Bí a ṣe pààrọ̀ wọn nìyẹn, lójú àwọn ìyá yòókù tí wọ́n rò pé eré ni à ń ṣe. Èmi gba ọ̀nà iwájú, òun gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń sọ fún ara mi pé mo ti ya wèrè.

Ìrun Jímọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ẹkún ọmọ mi lódìkejì. Abẹ́rẹ́ ti gbé ara rẹ̀ gbóná. Ọmú mi da omi sí ara aṣọ. Mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo fi í sẹ́nu ọmọ ìyálé mi, tí ara tirẹ̀ náà ń jó, mo sì ń gbọ́ tèmi. N kò fẹ́ rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọkọ mi jáde pẹ̀lú díígà, àwọn ọdẹ tẹ̀lé e. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín."

"Ọmọ mi dà?"

Mo fi orí júwe. Ẹkún náà tún dún, ó wá mọ̀ ọ́n. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. N kò rí irú ojú yẹn rí, n kò sì tíì rí i láti ìgbà náà.

"O fi ọmọ mi fún wọn?"

"Wọ́n fi tiwọn fún mi."

Àgbà ọdẹ ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ gbà á wá!" Ọkọ mi na ọwọ́, ó dá a dúró. Lódìkejì, ọbàkan rẹ̀, tí òun náà kò lọ kírun, ti jáde sábẹ́ kánópì, àwọn géńdé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ohun tó wà ní itan mi. Ìyálé mi yọ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi lẹ́yìn. Ó ń mì í, ó ń mì í, kò wo ẹnikẹ́ni.   Ìbọn tí wọn yóò yìn, ibo ni wọn yóò kọ ẹnu rẹ̀ sí?

Ọkọ mi gbé díígà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní kí àwọn ọdẹ wọlé. Àgbà ọdẹ ń kùn, "Obìnrin lásán-làsàn," ó sì wọlé. Ọbàkan náà yí padà sí àwọn géńdé rẹ̀, wọ́n kó àdá kúrò lábẹ́ àga.

Wọ́n ṣe wọlímọ̀ náà. Ọmọ obìnrin náà jáde, láwàní funfun tóbi jù fún orí rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní, ó kà. Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá wa. Nígbà tó yá ó ní, "Wọlímọ̀ ni lóòótọ́," bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí n kò bá dúró ńkọ́? Bí inú ṣe bí mi yẹn, bí n kò bá dúró?"

 Mo ti bi ara mi bẹ́ẹ̀, mo ṣì ń bi ara mi.

Àwọn kan lára obìnrin ilé ń sọ ìtàn yìí báyìí bí ẹni pé ìfẹ́ ló bá wa ṣe é. N kò lè purọ́. Bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ nìkan, àwọn ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ara wọn rí, inú ọ̀ọ̀dẹ̀ kan náà ni wọ́n ti dàgbà. Ẹ̀rù ló kó ìbọn wálé, ẹ̀rù náà ló gbé e wọlé padà. Àwọn tó kọ ìwé ọkọ mi rí òótọ́ dé ibì kan. Àmọ́ wọn kò sọ ẹni tó ń ru ẹ̀rù náà lẹ́yìn.

A kò dá àwọn ọmọ padà lọ́jọ́ náà. Èmi àti ìyálé mi fi ẹnu kò: àfi tí ẹnì kan bá jókòó sí yàrá baálé. Ọkọ mi kò jẹun lọ́wọ́ mi, kò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun àti ọbàkan rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kuta, kálukú lọ́tọ̀, ohun kan náà sì ni wọ́n bèèrè: kí wọ́n wá fi ẹnì kan sí yàrá náà. Àwọn àgbà dé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ ilé wà ní ìdógò nínú ilé ara rẹ̀, ojú tì wọ́n. Wọn kò mú baálé nínú apá méjèèjì. Àbúrò baálé tó kú, ìyá arúgbó kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú ní Kuta, ni wọ́n ní kí ó wá sùn nínú yàrá náà títí ara yóò fi balẹ̀. Ọmọ bíbí ilé ni, kò sì lè jẹ baálé láéláé, nítorí náà kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pọn ọmọ ìyálé mi láti lọ dá a padà. Ọkọ mi dìde níwájú mi. Ó ní òun ló ń lọ gba ọmọ òun. Mo tẹ̀lé e. Ọbàkan rẹ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ wa wà léjìká rẹ̀, ó sùn.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀ tán. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bọ̀ọ̀dá."

"Rọra, má jí i. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni ara rẹ̀ ń tutù." Ó rọra yí ọmọ náà sí apá ọkọ mi. "Kò jẹ́ kí a sùn o. Ta ló máa ń ké báyìí nínú yín ní kékeré?"

"Èmi ni," ni ọkọ mi wí. "Màmá wa máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo rántí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì na ọwọ́ sí mi láti gba tirẹ̀.